Ìmọ̀ Tó Gba Ẹnu Géètì Jáde

Nígbà ọsàn, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gba Fìdítì kọjá kí imú rẹ̀ má sọ fún un. Ọsàn á wà lórí àtẹ, nínú apẹ̀rẹ̀, nínú àpò, títí dé etí ọ̀dà. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ á dúró rà, àwọn tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ náà á dúró rà, síbẹ̀ ọsàn kì í tán. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá rà, oòrùn á pa á, eṣinṣin á bò ó. Láti kékeré ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé bàbá mi ní oko ọsàn, mo sì mọ òógùn tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn gan-an nígbà tí mo ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń fún omi èso, lẹ́bàá ọ̀nà, láàárín Fìdítì sí Ìlọrà. Ọmọ agbègbè wa kan tó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó títí tó fi fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀. Alága ni gbogbo wa ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni. Mo fẹ́ kí èyí yé ẹni tó bá ń kà á kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí ó má baà dà bíi pé ìjà wà láàárín èmi àti òun. Ó ń san owó oṣù wa, ó ń bá wa kẹ́dùn bí a bá ṣòfò, ó ń bá wa jó bí a bá bímọ. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa yẹ ọjà wò kí ó tó jáde. Mo ń tọ́ ọ wò, mo ń wo àwọ̀ rẹ̀, mo ń wò ó bóyá ìdérí ìgò wọlé dáadáa.

Ìṣòro wa ni pé omi ọsàn wa máa ń korò. Kì í korò lọ́jọ́ tí a bá fún un o. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n bó bá ti sùn díẹ̀ nínú ìgò, ìkorò kan á yọ́ wọ inú rẹ̀, oníbàárà á mu ún, á sì tutọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dá a padà láti Ọ̀yọ́, wọ́n ń dá a padà láti Ìbàdàn. Alága ní kí a máa fi ṣúgà sí i. A fi ṣúgà sí i. Ó wá di ohun tó ń dùn tó tún ń korò, kò sì sí ẹni tó ń fẹ́ irú rẹ̀.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Alága lọ síbi ìpàdé àwọn oníléeṣẹ́ kan ní Ìbàdàn. Wọ́n sọ fún wọn níbẹ̀ pé ilé iṣẹ́ tí kò bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò lè mú ohun tuntun jáde. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó padà dé, ó ní kí èmi àti Ẹnjiníà lọ fi ọ̀sẹ̀ kan gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn.

Ẹnjiníà yìí ló ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ wa. Ará Ìwàrè ni, ó jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, kì í pẹ́ dé, kì í ṣàìsàn irọ́. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ mọ́rí bó bá ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá já lù ú lójijì, á fi ẹ̀yìn bo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A kò bèèrè ìdí.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn là mí lójú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ wa ló ń tẹ ọsàn jù, tó ń fọ́ kóró rẹ̀, tó sì ń fún awọ funfun inú rẹ̀ mọ́ omi. Láti inú kóró àti awọ yẹn ni ìkorò ti ń wá. Gbogbo ọsàn tí a fi ṣòfò, gbogbo ṣúgà tí a dà sí i, àwa fúnra wa là ń fa ìkorò wọ inú ìgò. Wọ́n tún kọ́ wa bí a ṣe ń mú èso gbẹ, kí ó lè pẹ́ nílẹ̀ láìbàjẹ́. Bí mo ṣe rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é, mo tẹ Ẹnjiníà lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. A ní irú rẹ̀! Alága ti ra ọ̀kan nígbà tó kọ́kọ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Dráyà ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n lò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó débẹ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó páálí òfìfo sínú rẹ̀.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà, mi ò lè pa ẹnu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ ó kọ́ àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, èmi á kọ́ àwọn obìnrin tó ń bó èso. Kí oṣù yìí tó parí, gbogbo wa á ti mọ̀ ọ́n."

Ó ń wo ìta. A ti fi Mọ́níyà sílẹ̀ kí ó tó yíjú sí mi.

"Àbúrò mi, ṣé o mọ̀ pé ilé búrẹ́dì ni mo ti ṣiṣẹ́ rí, ní Ọ̀yọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Èmi ni mo mọ inú ààrò yẹn. Mo mọ ibi tó ti ń gbóná jù, mo mọ ìgbà tó yẹ kí a yí páànù. Ọ̀gá ní kí n kọ́ ẹnì kan sí i, kí iṣẹ́ lè yá. Mo kọ́ ọ tọkàntọkàn. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ọ̀gá ní owó tèmi ti pọ̀ jù, kí n máa lọ sílé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà yẹn."

"Alága kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀gá ọ̀hún náà kì í ṣe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ́ ẹni yẹn."

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ọmọ rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí oníkálukú bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó mọ̀, kí ni a lọ ṣe ní Ìbàdàn?

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, Alága kó gbogbo wa jọ sí àgbàlá.

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́, kí ni ẹ mú bọ̀ fún wa?"

Ẹnjiníà tẹrí ba. "A dúpẹ́, sà. A rí i. Á hàn nínú iṣẹ́."

Ó parí síbẹ̀. Èmi jáde síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kóró àti awọ ọsàn. Mi ò tíì lọ jìnnà tí Alága fi gbọ́wọ́ sókè.

"Màdáámú, ó dáa, ó dáa. Ọsàn ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣiṣẹ́."

"Sà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀. Kí àwa tó lọ lè máa fi han àwọn tó kù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti parí, Màdáámú. Ẹ ti lọ, ẹ ti dé."

Bí ẹni pé oògùn ni wọ́n fún wa lò, tí ara sì ti yá.

Bó ṣe di pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń lò nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń bó èso máa ń jókòó sábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù, kálukú pẹ̀lú abọ́ gààrí tàbí ẹ̀wà rẹ̀. Fìdítì, Ìlọrà àti Akínmọ̀rìn ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá, lórí ọ̀kadà. Mo ń sọ ohun tí mo kọ́ fún wọn bí a ṣe ń jẹun. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè nínú kíláàsì ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀rọ̀ kan èso gbígbẹ.

"Ṣé bí a ṣe ń sá ilá náà ni?" ọ̀kan bi mí.

Mo ní ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ ni, níbi tí eruku àti eṣinṣin kò ti ní bà lé e.

Ìyá kan tó ti Akínmọ̀rìn wá ní, "Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kéékèèké tí a ń dà fún ewúrẹ́ ńkọ́? Kò ṣe é fún nínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó dùn ju ńlá lọ."

"Ṣé á ṣì máa dùn tó bá gbẹ?" mo bi í.

"Kí ló dé tí kò fi ní dùn? Omi ló ń lọ, adùn kò bá a lọ."

Ẹlòmíràn ní àwọn èrò inú mọ́tò máa ń fẹ́ ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó máa ń wúwo fún wọn, wọn kò sì ní ọ̀bẹ lọ́wọ́. Bí ó bá gbẹ, tí a dì í sínú ọ̀rá kékeré, wọn á lè máa jẹ ẹ́ lọ títí dé Abuja. Títí di òní, mi ò lè sọ ẹni tó ni àbá náà nínú wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni kí a tó jókòó jẹun, ó sì ti pé pérépéré kí a tó fọ abọ́.

Mo tọ Ẹnjiníà lọ. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun lè gbé dráyà náà dìde, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé bá òun. Mo gbà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? A kó páálí jáde, a fọ gbogbo inú rẹ̀, àwọn obìnrin gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, Ẹnjiníà gbé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó gbé e jáde, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó rọ̀ lẹ́nu, ó dùn, ó sì kan díẹ̀ bó ṣe yẹ. Alága mú ọ̀kan, ó di ojú, ó jẹ ẹ́ títí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó di díẹ̀ sínú ọ̀rá lọ sí Ìbàdàn, àwọn tó gbé e lọ fún sì ní kí ó mú sí i wá. Ẹnjiníà tún ti dẹ ẹ̀rọ tó ń fún ọsàn kí ó má baà tẹ̀ ẹ́ jù, ìkorò sì ti rọlẹ̀ nínú omi wa. Lásìkò yẹn, orin la fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin yẹn ń tètè dé ju bí a ṣe sọ fún wọn lọ, torí wọ́n mọ̀ pé ohun kan tí ó wà níbẹ̀, àwọn ló bí i.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Gbogbo ohun tó ń mú wa rẹ́rìn-ín, orí ẹnì kan ló wà, ẹni náà sì ń ti ilẹ̀kùn. Mo lọ bá Alága ní ọ́fíìsì.

"Sà, ẹ jẹ́ kí Ẹnjiníà kọ́ ènìyàn méjì sí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pè é, kí ẹ fi dá a lójú pé kíkọ́ni kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà, ẹ fi í ṣe olùkọ́ gbogbo wa, kí ó jẹ́ iyì fún un."

Ojú rẹ̀ le. "Ta ló sọ pé mo fẹ́ lé e lọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí níbòmíràn."

"Ó túmọ̀ sí pé kò fọkàn tán mi nìyẹn. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún un!"

Ohun tí mo gbé lọ gẹ́gẹ́ bí àbá ti di ẹ̀sùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, mo jáde. Kò pè é.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a dé ibi iṣẹ́ tí yàrá ẹ̀rọ ṣì wà ní títì. A pe fóònù Ẹnjiníà, kò gbé e. Ní ọ̀sán ni ìròyìn dé pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìbàdàn ti gbà á, owó rẹ̀ níbẹ̀ sì ju tiwa lọ dáadáa. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, mo ń wo àgádágodo rẹ̀.

A gbìyànjú láti lo dráyà fúnra wa. Èkínní jó lẹ́yìn, inú rẹ̀ sì tutù. Èyí tó tẹ̀lé e gbẹ bí èèpo igi. Àwọn àmì tó wà lára ẹ̀rọ náà ti parẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí Ẹnjiníà ń yí i dé. Àwọn obìnrin ń fi ọ̀bẹ ha èyí tó jó kúrò lára irin, ẹnikẹ́ni kò sì kọrin. Omi ọsàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í korò, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí Ẹnjiníà ṣe ń dẹ ẹ̀rọ tó ń fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìwàrè. Mo bá Ẹnjiníà nílé. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde.

"Mo mọ ohun tó gbé ọ wá," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ àwọn obìnrin yẹn ń bàjẹ́. Mi ò ní kí ẹ padà wá. Ẹ kàn wá fi hàn wá lẹ́ẹ̀kan."

Ó fọwọ́ lérán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Níbi tí mo wà báyìí, wọ́n ní iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n gbà mí fún un. Ẹ̀rù kò bà mí níbẹ̀. N ó wá ní Sátidé. Mi ò ní gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí Alága pè mí fúnra rẹ̀. Mi ò fẹ́ wọlé bí olè."

Ayọ̀ ni mo fi gun ọ̀kadà padà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, ìpè kan péré ló kù. Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún Alága. Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí n máa bẹ ẹni tó gbé ìmọ̀ mi sá lọ?"

"Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, sà. Ìpè lásán ni. Ó ti gbà pé òun á wá."

"Èmi ni mo rán an lọ kọ́ ọ. Ó kọ́ ọ tán, ó gbé e lọ fún ẹlòmíràn. Màdáámú, láti òní lọ, mi ò rán ẹnikẹ́ni lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan mọ́. Ẹ̀kọ́ ló bà wá jẹ́."

"Sà, kì í ṣe pé ó kọ́ ọ ló dá wa lóró. Pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n ni."

"Ẹ lọ dojú kọ iṣẹ́ yín."

Mo pe Ẹnjiníà láti sọ fún un pé kó má wá mọ́. Ó ní, "Ó dáa, àbúrò mi," ó sì pa fóònù. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìpè yẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó ń fi ìmọ̀ pamọ́ ti ṣílẹ̀kùn, ẹni tó ń pariwo ìmọ̀ sì ti tì í.

Wọ́n kó páálí padà sínú dráyà. Àwọn obìnrin ọjọ́un lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Akínmọ̀rìn padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ní bí òun bá ti ń bó èso lásán, òun á kúkú máa bó ti òun. Ọkọ mi, tíṣà ni, ó ní bí òun bá fi ohun tí òun mọ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì òun, kí ni ìjọba ń sanwó fún òun lé lórí? Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń bá iṣẹ́ lọ nítorí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, iṣẹ́ kò sì pọ̀ ní agbègbè wa.

Láìpẹ́ yìí, Alága ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú ìbínú. Ó pe gbogbo wa jọ. Ó ju ọ̀rá kékeré kan sórí tábìlì. Ó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ni òun ti rà á. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó gbígbẹ ni, tí ilé iṣẹ́ kan ṣe, àwòrán rẹ̀ rẹwà lára ọ̀rá náà.

"Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń ṣe! Ibí yìí la ti ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Kí ló dé tí ẹ̀yin kì í ronú?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ sorí kọ́. Ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tuntun ni, wọn kò mọ nǹkan kan. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè bá fojú sọ̀rọ̀.

"Sà," mo ní, "a ti ṣe é rí."

"Nígbà wo?"

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ó ń fi mí ṣeré. Kò fi mí ṣeré. Ó ti gbàgbé. Nígbà tí mo dárúkọ dráyà àti Ẹnjiníà fún un, ó mi orí bí ẹni tó ń rántí àlá. "Ẹn-ẹ́n. Ìyẹn. Èmi rò pé ẹ kàn dán an wò ni." Ó fa ọ̀rá náà ya, ó pín in fún wa. Ó dùn, ṣùgbọ́n tiwa rọ̀ jù ú lọ.

"Kí ni a nílò láti bẹ̀rẹ̀?" ó bi mí.

"Ẹni tó máa kọ́ wa ni, sà. Àti àkókò tí a ó fi máa kọ́ ara wa."

Ó ronú. Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé.

"Ìyẹn ò le," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọsàn ọdún yìí kọ́kọ́ lọ ná."

Mo ní, "Ó dáa, sà," mo sì padà sídìí àwọn ìgò.